OWÓ GBOGBO WA NI, TA LÓ WÁ Ń TI ILẸ̀KÙN?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oògùn, kì í sì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni. Nígbà tí ìjọba bá fi owó ìlú pe àpéjọ lórí ìlera ará ìlú, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé lágbájá kò gbọdọ̀ wọlé nítorí pé ẹnu lágbájá mú?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé èyí kò kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pé kí n lọ jókòó ti ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ó kàn wá. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ wa kí ó tó dé ọwọ́ wa wà nínú owó tí wọ́n fi ń ta kánópì yẹn. Ara tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí lábẹ́ kánópì, ara tiwa ni. Kí ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Gúúsù Áfíríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é débi tí gbogbo ayé fi rí i.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ kóra jọ ní ìlú Cape Town, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Treatment Action Campaign. TAC ni gbogbo ayé ń pè é. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò lọ́jú pọ̀: kí oògùn àrùn éèdì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Nígbà náà, oògùn tí ẹnì kan yóò lò fún ọdún kan ju 10,000 dọ́là lọ. Awakọ̀ wo ló fẹ́ rà á? (A máa ń pe àrùn yìí ní kògbóògùn. Orúkọ náà kò tọ̀nà mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Oògùn kò lé kòkòrò náà kúrò nínú ara pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dè é mọ́lẹ̀ débi pé ènìyàn á ṣiṣẹ́, á bímọ, á sì darúgbó. Àrùn náà gbọ́ oògùn. Apá mẹ̀kúnnù ni kò ká owó rẹ̀.)

Zackie Achmat, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní kòkòrò náà lára. Ó búra pé òun kò ní fẹnu kan oògùn náà títí ilé ìwòsàn ìjọba yóò fi máa fún ẹni tí kò lówó. Mandela fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé ní ọdún 2002, ó rọ̀ ọ́ pé kí ó lò ó, ọkùnrin náà kò gbà. Ọdún 2003 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa da iṣẹ́ sílẹ̀ rí mọ ohun tí ó ná ènìyàn láti di ọ̀rọ̀ mú títí ara yóò fi máa san án.

Ẹ má sì rò pé ọ̀tá ìjọba ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn 39 pe ìjọba Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ ní ọdún 1998 nítorí òfin tí yóò jẹ́ kí oògùn dínwó, ẹ̀yìn ìjọba ni TAC wọlé sí nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n wọ́de, wọ́n pariwo káàkiri ayé, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn náà kó ẹjọ́ wọn nílẹ̀. Ẹni tó bá ọ jà nílé ẹjọ́ tí o fi borí, ṣé ẹni tí a ń tì sóde nìyẹn?

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé Ààrẹ Thabo Mbeki ń ṣiyèméjì ní gbangba bóyá kòkòrò HIV ló ń fa éèdì lóòótọ́. Mínísítà ìlera rẹ̀, Arábìnrin Manto Tshabalala-Msimang, ń yin aáyù àti ọsàn kíkan fún àwọn aláìsàn. Oògùn kan wà, nevirapine, tó ń dín ewu kù kí aláboyún má kó kòkòrò náà ran ọmọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ní òun yóò fi ta orílẹ̀-èdè tálákà lọ́rẹ fún ọdún márùn-ún. Síbẹ̀ ìjọba ní ibùdó méjì péré ni yóò ti máa lò ó ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. TAC gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2002 ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre: kí ìjọba jẹ́ kí oògùn náà dé ilé ìwòsàn rẹ̀ gbogbo tí dókítà bá ti ní a nílò rẹ̀.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ti tẹ́tí. COSATU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà, jẹ́ alájọṣe ẹgbẹ́ òṣèlú ANC tó ń ṣèjọba. Wọ́n jọ lé àwọn aláwọ̀ funfun kúrò lórí àlééfà ni. Bí COSATU bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Kò dákẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, òun àti TAC jọ pe àpérò ńlá kan ní ìlú Durban lórí bí oògùn yóò ṣe dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Òṣìṣẹ́ ló ń kú, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì torí ọ̀rẹ́ pa òtítọ́ mọ́ sínú.

Ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fẹ́ ṣe àpéjọ ní New York láti yẹ iṣẹ́ gbogbo ìjọba wò lórí éèdì. Wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú náà wá. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà dìde, ó ní òun kò fẹ́ kí TAC wọlé, òun kò sì fẹ́ kí AIDS Law Project wọlé, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Pé wọn yóò ba ìjọba jẹ́ lójú àwọn àlejò. Ẹ gbọ́ ná. Àpéjọ tí a pè kí a lè mọ̀ bóyá ìjọba ń ṣe dáadáa, ìjọba ló ń yan ẹni tí yóò jẹ́rìí. Owó ìlú ni àwọn aṣojú ìjọba fi wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Àwọn tí àrùn náà wà lára wọn ni wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílé.

Ilẹ̀kùn náà kò ṣe é tì tán. Obìnrin kan láti inú TAC yìí kan náà, tó ní kòkòrò náà lára, ló padà dìde níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè tó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, níbi àpérò àgbáyé lórí éèdì ní ìlú Toronto, ìjọba yìí pàtẹ aáyù, ọsàn kíkan àti gbòǹgbò beetroot síbi tí orílẹ̀-èdè mìíràn pàtẹ oògùn sí. Ojú ti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní 80 kọ̀wé sí Ààrẹ pé kí ó yọ mínísítà náà. Kò yọ ọ́. Igbákejì rẹ̀, Nozizwe Madlala-Routledge, tó ń gbọ́ ti àwọn ẹlẹ́hónú, ni wọ́n yọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007; wọ́n ní ó lọ sí àpérò kan ní ilẹ̀ Spain láìgba àṣẹ. Àpérò náà, lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára éèdì ni.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ní láàárín ọdún 2000 sí 2005, ó lé ní 330,000 ènìyàn tó kú ní Gúúsù Áfíríkà nítorí pé ìjọba kọ̀ láti mú oògùn wá lásìkò. N kò sọ pé ilẹ̀kùn ọdún 2006 ló pa wọ́n. Wọ́n ti kú kí ọdún 2006 tó dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkàn tó di etí fún ọdún mẹ́fà, òun kan náà ló wá ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ yóò kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí o bá tún pariwo sí i, yóò ní kí o jáde. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́ nígbẹ̀yìn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: lónìí, Gúúsù Áfíríkà ni iye àwọn tó ń lo oògùn náà pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé, wọ́n lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ohun tí àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má wọlé ń sọ láti ọdún 1998 náà ni.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn tí mo ń wí yìí sọ fún un. Ẹni tó ń jẹ kòkòrò ló wá ní kí wọ́n jáde nílé.

Ká tó máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé onílé, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Ní ọdún 1995, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó dá nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá kòkòrò HIV níbẹ̀. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2001, adájọ́ ní kò gbọdọ̀ wọ inú kóòtù wá jẹ́rìí lórí ẹjọ́ ara rẹ̀, kí ó má baà kó àrùn ran àwọn tó jókòó síbẹ̀. Adájọ́ o! Ọdún 2012 ni adájọ́ mìíràn tó dá obìnrin náà láre, tó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Láti ọdún 2014 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí mẹ́nẹ́jà yín bá tún ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ kí ó tó gbà yín síṣẹ́, ẹ wá rí mi.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fojú ara mi rí kò tó báyẹn, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ìjọba ìbílẹ̀ kan máa ń ṣe ọjọ́ ìlera ní gárééjì lọ́dọọdún. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún awakọ̀, wọ́n á pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó dára, n kò bú wọn. Awakọ̀ mélòó ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru kí ọjọ́ yẹn tó dé? Ìyá kan wà tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà níbẹ̀, tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ọkọ̀ tí ara wọn kò yá láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún kan ó dìde, ó bèèrè ìdí tí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà lẹ́yìn ọjà kò fi ní nọ́ọ̀sì kankan lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ó jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọkọ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó tún bèèrè ibi tí oògùn ibà tí wọ́n kó wá lọ́dún tó kọjá wọ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà ní àga iwájú kò pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún kejì, wọ́n fi ọmọkùnrin kan sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ó ní, “Ẹ má bínú, màmá, orúkọ yín ò sí níbí.” Ìyá wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé orúkọ mi wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń já fún mi lójoojúmọ́?” Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Káàdì ló tán. Wọ́n ti yí ibi ìpàdé padà, ìwé yín ló pẹ́ dé. Àwa tí a wà ní fákítírì mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: wọ́n á lẹ ìwé ìpàdé mọ́ ara ògiri lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí ṣíìfù ọ̀sán ti lọ sílé, ìpàdé yóò sì wáyé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo ti rí ilé iṣẹ́ kan tó pe ìpàdé lórí ààbò òṣìṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gé ìka ọkùnrin kan. Gbogbo ọ̀gá wà níbẹ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ gé kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó máa ń sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n jókòó fún wákàtí méjì, wọ́n pinnu láti ra bàtà tuntun fún gbogbo wa. Bàtà! Ohun tí ọkùnrin náà ìbá sọ fún wọn ni pé wọ́n ti yọ irin tó bo ẹnu ẹ̀rọ náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ó mọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bínú sí títi ilẹ̀kùn nìyẹn, kì í ṣe nítorí ìtìjú ẹni tí wọ́n tì sóde nìkan. Àwọn tó kù nínú ilé ló pàdánù jù. Wọ́n á ná owó, wọ́n á jẹun, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì ra bàtà fún ẹni tí ìka rẹ̀ gé.

Mo mọ ohun tí àwọn aláṣẹ yóò fi dáhùn, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò nítumọ̀. Wọ́n á ní àwọn ajìjàgbara kan kò mọ̀wà hù, pé wọ́n á wá da ọjọ́ náà rú, pé aláìsàn tó wá gba oògùn kò wá gbọ́ èébú. Èmi náà ti ṣe alága ìpàdé rí, mo mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ẹnì kan bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. TAC pàápàá, ní oṣù Kẹta ọdún 2003, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti fẹ̀sùn kan àwọn mínísítà méjì pé àìbìkítà wọn ń pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ líle ni. Ó ṣeé ṣe kí ó dun àwọn ọmọ mínísítà nílé.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ká ní kí ẹni tó ń da ìpàdé rú jókòó, àti ká pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Èkínní, iṣẹ́ alága ni, ohun tí ènìyàn ṣe lójú gbogbo ayé lónìí ló sì gbé e wá. Èkejì, ohun tí a bẹ̀rù pé ó lè sọ lọ́la ni a fi ń dá a lẹ́jọ́. Bí àpéjọ náà bá sì jẹ́ ti ẹnì kan, bí ìkómọ tàbí ìṣílé, kí ó pe ẹni tó bá wù ú. Ti owó ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fi ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe onílé.

Kì í sì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, orílẹ̀-èdè 134 pàdé ní ìlú Alma-Ata, ní ilẹ̀ Soviet ìgbà náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́, ó sì tún jẹ́ ojúṣe wọn, láti lọ́wọ́ nínú bí a ṣe ń ṣètò ìlera wọn. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera wa ní ọdún 1985, gbé ètò náà wọ ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, tó sọ láìfi bò pé éèdì ló pa Fẹlá àbúrò òun, nígbà tí ilé mìíràn ìbá purọ́. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni a ń wá ní ẹnu ọ̀nà. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ya owó sọ́tọ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀. Ìlànà owó náà sì ní kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù máa lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe ń ná an. Ẹ̀yin ará mi, mélòó nínú wa ló mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù tirẹ̀? Mo bèèrè ní ibi iṣẹ́ wa, lọ́wọ́ ènìyàn bí ogún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí a kò bá mọ ẹni tó jókòó, a kò lè mọ ẹni tí wọ́n tì sóde.

Nítorí náà mo fẹ́ gbé àbá kan wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀. Kí ẹ̀ka yìí kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí a bèèrè orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó yàn wọ́n. Kí a bèèrè iye owó tí wọ́n ná lórí ọjọ́ ìlera tó kọjá. Kí a sì béèrè fún àyè méjì, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún àwọn tó ń tajà ní gárééjì. Kí àwọn ènìyàn gárééjì fúnra wọn yan ẹni tí yóò lọ, kí ó má ṣe jẹ́ ìjọba, kí ó má sì ṣe jẹ́ èmi. Bí wọ́n bá tún fi ìwé orúkọ sẹ́nu ọ̀nà lọ́dún yìí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gárééjì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí a mọ ẹni tí wọ́n yọ àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣíìfù alẹ́ tí ẹ kò ní lè wá sí ìpàdé, ẹ kọ ìbéèrè yín sí ìwé kí ẹ fi lé akọ̀wé ẹ̀ka lọ́wọ́, tàbí kí ẹ mú un wá bá mi nídìí ẹ̀rọ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ó wá sọ ọ́ fún mi, èmi yóò bá a kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an.